Ẹ Bá Wa Tọ́jú Ẹ̀rọ Yìí

Ní ilé màámi ní Olódì-Àpápá, aṣọ fèrèsé kì í gbó. Dúdú ló máa ń dú títí a ó fi jù ú nù. Ẹ fọ̀ ọ́ lónìí, ẹ sá a sí bákónì, kó tó gbẹ, ó ti dà bí aṣọ mẹkáníìkì. Ẹ fi ìka nu ojú tábìlì, ìka á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ fun imú, mi ò ní sọ ohun tó ń jáde níbẹ̀, torí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ lè máa ka ìwé yìí. Àwọn tírélà ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n tò sí òpópónà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè wọ́n wọ èbúté, wọn kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì. Dírẹ́bà á sùn nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, èéfín á máa gòkè. Òkè gan-an sì ni yàrá màámi wà, títì ló kọjú sí.

Kí n má ṣe bí ẹni tí kò mọ tírélà rí. Iṣẹ́ ajẹ́ńtì ni mò ń ṣe ní Wharf Road, mò ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Bí kò bá sí tírélà, kò sí oúnjẹ. Ẹnu tí mo fi ń bẹ dírẹ́bà láàárín ọ̀sẹ̀, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé kọntéínà yìí lónìí," ẹnu náà ni mo fi ń bú u ní Sunday nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ màámi tí mo bá a tó ń wúkọ́. Mi ò rí ọgbọ́n dá sí i. Inú kàn ń bí mi ni, ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Télọ̀ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà nídìí fèrèsé, ẹni tó bá sì kọjá ló ń pè pé kó wá bá òun fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan nínú ilé yẹn tí kò wọ aṣọ. Tẹlifíṣọ̀n wọ aṣọ, fáànù wọ aṣọ, rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ayé bàbá mi náà wọ aṣọ. Àga tí mo rà fún un, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, a sì ń jókòó lé e lórí bẹ́ẹ̀, ó ń dún wẹ́kẹ́wẹ́kẹ́ lábẹ́ ìdí ẹni. Tí àlejò bá ń bọ̀, á ṣí gbogbo wọn kí ojú àlejò lè rí i pé ilé ènìyàn gidi ni òun wà. Tí àlejò bá lọ, á dá aṣọ wọn padà sí wọn lára. "Nǹkan tuntun là ń bò," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "kí ó lè pẹ́."

Dókítà tó wo àyà rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wa. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró màámi ti mu èéfín jù, pé àbí kí èéfín kúrò lọ́dọ̀ màmá, àbí kí màmá kúrò lọ́dọ̀ èéfín, kò sí ẹ̀kẹta. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkòròdú ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ fún un. Màámi ní kí ó fi yàrá náà to àpò ìrẹsì. "Ilé tí bàbá yín kọ́ fún mi rè é," ó ní. "Ibí ló ti kú sí mi lọ́wọ́. Tírélà ló wá bá mi níbí, èmi kọ́ ni mo lọ bá tírélà. Àwọn ni kí wọ́n máa lọ." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélógún ni màámi nígbà tó wọ ilé yẹn, tí títì iwájú rẹ̀ jẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwa onílé àti ayálégbé òpópónà wa kó ara wa jọ, a lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ní kí a lọ. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ gbogbo ohun tí a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà? Mo ní ẹ̀rí wà nínú imú mi, ṣé kí n fun ún fún un? Gbogbo àwọn tí a jọ lọ bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní imú kọ́ ni wọ́n fi ń wọn èéfín, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a ṣe padà sílé nìyẹn, tí èéfín tí kò ní ẹ̀rí ń lé wa bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn olùwádìí kan ń bọ̀ wá fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí èéfín ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Òpópónà tí tirẹ̀ bá burú jù, ibẹ̀ ni ìjọba á ti kọ́kọ́ lé tírélà kúrò. Ẹ̀rí tí wọ́n ní kí a mú wá ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀ yìí. Lánlọ́ọ̀dù òdìkejì fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sí ọ̀dọ̀ òun, mo bá a pariwo títí ó fi wọlé lọ. Bákónì màámi ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Àwọn méjì ló wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú, àti ọkùnrin kan tó ń gun àkàsọ̀. Màámi ti ṣí gbogbo nǹkan sílẹ̀ nítorí wọn, ó ti gbé omi tútù àti bisikíìtì fún wọn. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun fẹ́ bi í ní ìbéèrè díẹ̀.

"Màmá, báwo ni afẹ́fẹ́ àdúgbò yín ṣe rí?"

"Afẹ́fẹ́? Há, afẹ́fẹ́ wà o, ọmọ mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, láti ọ̀nà omi ló ti máa ń fẹ́ wá. A kì í tiẹ̀ tan fáànù."

"Ara yín ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ̀ ń mí dáadáa?"

"Mò ń mí o. Kò séwu. Àwọn ará ilé tiyín ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Mo ní, "Màámi, ikọ́ tí ẹ ń wú ńkọ́?"

Ó wò mí, irú wíwò tó máa ń wò mí nígbà tí mo bá bu ẹran kí àlejò tó bu tirẹ̀. "Èwo ni ikọ́? Ara àgbà nìyẹn." Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ikọ́ dé, ó wú u títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà, ó ní bisikíìtì ló há òun lọ́fun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n tọ́ ọ pé bí àlejò bá bèèrè àlàáfíà rẹ, àlàáfíà lo máa fún un. Ta ló ń ka àìsàn sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mu omi tán? Mo sọ fún ara mi pé kò burú, ẹ̀rọ kò mọ àṣà, ẹ̀rọ ò ní dúpẹ́.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Àpótí funfun kékeré kan ni, ihò wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀ fún màámi, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Nǹkan olówó gọbọi ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun ṣe é."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," màámi wí. "Bí ojú mi ni màá ṣe tọ́jú ẹ̀."

Ajégúnlẹ̀ ni èmi ń gbé, nítòsí Boundary. Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń lọ kí i, mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, kó lè mọ iye ìrẹsì tó máa sè. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, bákónì ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Màá wo ẹ̀rọ náà níbi tó wà, funfun báláú, iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Inú mi á dùn. Màá wo ìsàlẹ̀, màá wo àwọn tírélà tó ń da èéfín síta, màá sì máa sọ ọ́ sínú pé ẹ máa dà á, ẹ dà á dáadáa, ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Irin bákónì dúdú, ewéko inú ìkòkò dúdú, okùn ìsáṣọ dúdú, ẹ̀rọ nìkan ló funfun láàárín wọn. N kò bi ara mi ní ohun tó fà á.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni wọ́n pè wá sí láti gbọ́ àbájáde. Ọ̀gá wọn ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó gé irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa, tó ń fi àwòrán aláràbarà hàn wá lára ògiri. Òpópónà tó pupa, èéfín ibẹ̀ burú. Òpópónà tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ibẹ̀ dára. Ó ń tọ́ka lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa, pupa, pupa. Nígbà tó dé orí tiwa, àwọ̀ ewé ni. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní òpópónà wa ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú gbogbo ibi tí wọ́n wọ̀n, pé ó yẹ kí wọ́n wá kọ́gbọ́n lára wa. Àwọn aṣojú onítírélà tó jókòó lẹ́yìn pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Mi ò rántí pé mo dìde, ariwo ara mi ni mo gbọ́. Mo ní òpópónà wo? Èyí tí tírélà tò sí bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí? Ayálégbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tó ń ṣe iṣẹ́ alábàárù ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri, fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Abeg, oga, which kain air una measure? Na the one wey dey inside fridge?" Gbogbo gbọ̀ngàn dàrú. Ọ̀gá náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá ní, "Madam, mo mọ̀ pé ó ká yín lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í parọ́."

Ẹ̀rọ kì í parọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń jẹ lẹ́nu bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé màámi. Mi ò pè é lórí fóònù. Mi ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bákónì ni mo lọ tààrà, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ẹ̀rọ náà wọ aṣọ.

Pópílìnì funfun ni, tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé lára, èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí màámi fi rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àbúrò mi. Ó rán an mọ́ ẹ̀rọ lára ni, ó yọ ọ̀nà fún wáyà, ó fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kí ó lè fún un pinpin, bíi fìlà tí obìnrin ń dé wọ balùwẹ̀. Mo ṣí i. Ọ̀rá ló tún wà lábẹ́ aṣọ, ọ̀rá tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà wá gan-an, ó wé e yí ká, ó fi okùn dì í. Ihò kékeré kan báyìí kò ríbi mí.

Mo ní, "Màámi!"

Ó yọ láti inú yàrá, ó ń nuwọ́. "Ìwọ nìyẹn? O ò sì pè. Mi ò tíì ṣí i fún ẹ."

"Ẹ ò tíì ṣí kí ni?"

"Ẹ̀rọ àwọn èèyàn yẹn. Mo máa ń ṣí i tó o bá ń bọ̀."

"Màámi, ta ló ní kí ẹ bò ó?"

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ ni? Ṣé ìwọ náà ò gbọ́? Nǹkan olówó gọbọi, kí n wá fi í sílẹ̀ kí èéfín yìí pa á, bó ṣe pa rédíò bàbá ẹ?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi, ẹ̀rín burúkú, lẹ́yìn náà ni ẹkún dé. Mo ṣàlàyé fún un pé èéfín yẹn ni wọ́n gbé e wá mu. Pé ìmí tó ń mí ni iṣẹ́ rẹ̀. Pé nítorí aṣọ yẹn, wọ́n ti sọ pé kò sí èéfín ní òpópónà wa, tírélà ò ní lọ mọ́. Ó gbọ́ ọ. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo títì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi. Àwọn àgbà ní ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para. Màámi fi epo para, ó tún wọ aṣọ lé e. Inú sì ń bí mi sí àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá náà. Ta ló ń sọ fún ìyá Yorùbá pé kó tọ́jú nǹkan tuntun, tó sì ń retí pé kò ní bò ó? Bí wọ́n bá ti sọ pé, "Màmá, ẹ fi í síta bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí," ọ̀rọ̀ ì bá ti dópin síbẹ̀.

Nígbà tí ojú mi walẹ̀, mo yẹ aṣọ náà wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí títì ti dúdú bí èédú, òdòdó kankan ò hàn mọ́ lára rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Ẹ̀rí tí a ń wá rè é! Ohun tí ẹ̀rọ ò mu, aṣọ ti mu ún. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú á rí i. Mo pe ọ̀dọ́bìnrin aláwò yẹn, ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá tú ẹ̀rọ náà kúrò, kí n fi ohun tí mo bá ní han òun, pé tó bá jóòótọ́, òun á bá ọ̀gá òun sọ ọ́. Mo fò sókè. Mo ká aṣọ náà, mo fi í sọ́wọ́ màámi, mo sì ń sáré lọ sí ọ́fíìsì, torí wọ́n ti ń pè mí nípa kọntéínà kan.

"Màámi," mo wí láti orí àtẹ̀gùn, "ẹ bá mi tọ́jú aṣọ yẹn o! Òun ni mo fẹ́ fi han àwọn èèyàn yẹn lọ́la."

"Má ṣèyọnu," ó dáhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́bìnrin náà àti èmi jọ dé ni. Ilé ti wà ní ìmúra, gbogbo nǹkan ti bọ́ aṣọ, bisikíìtì ti wà lórí tábìlì. Mo ní, "Màámi, aṣọ yẹn dà?" Ó gbé e jáde lórí tíréè. Ó ti fọ̀ ọ́. Ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a ní mẹ́rin. Gbogbo òdòdó ara rẹ̀ ti padà, aláwọ̀ ewé, wẹ́wẹ́.

Mo tú u, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo yẹ inú rẹ̀ wò.

"Ó le o," màámi wí fún àlejò rẹ̀, "mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọṣẹ pa ara mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní ẹ̀yin ni òun fẹ́ fi hàn. Mo ní kí ni? Kí ẹ wá máa rò pé ọ̀bùn ni mí?"

Mo bi í pé ọ̀rá ńkọ́. Ó ní ó ti fi di ẹ̀gúsí fún àbúrò mi.

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ìka tọ́ aṣọ náà. Mo ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, mò ń kólòlò, mo dà bí ẹni tó ń parọ́. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ ọrùn rẹ̀ nu ún, dúdú sì kù síbẹ̀. "Àǹtí, mo gbà yín gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ mú dé iwájú wọn? Wọ́n ti fi àbájáde náà ránṣẹ́ sí ìjọba, ẹ̀rọ yìí sì ń lọ sí ìlú mìíràn." Mo bi í bóyá wọ́n á tún padà wá. Ó ní bóyá. Ó kúnlẹ̀ fún màámi, ó ní ó ṣeun tó bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ, pé nínú gbogbo èyí tí wọ́n kọ́, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n bá tí kò ní àbàwọ́n kankan. Inú màámi dùn. Mi ò rí ẹni tí mo lè lù.

Ikọ́ náà kò gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tó yá, màámi fúnra rẹ̀ ló pè mí, ohùn rẹ̀ kéré, ó ní kí n wá gbé òun lọ sí Ìkòròdú, pé òun ò rí èémí gun òkè àtẹ̀gùn mọ́. Ọjọ́ tí a ń lọ, ó lọ káàkiri ilé, ó wọ aṣọ fún tẹlifíṣọ̀n, ó wọ aṣọ fún fáànù, ó wọ aṣọ fún rédíò bàbá mi. Ó da aṣọ bo maṣíìnì rẹ̀ kẹ́yìn, ó sì dúró tì í díẹ̀. Dírẹ́bà tírélà tó máa ń páàkì sẹ́nu ọ̀nà wa ló bá a gbé báàgì sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Mama, safe journey o." Màámi ṣàdúrà fún un pé ọ̀nà rẹ̀ ò ní dí.

Mo ń wa ọkọ̀ mi jáde láàárín àwọn tírélà náà, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ màámi ò sì ròkè tán, ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́. Èéfín ń wọlé. Aṣọ ẹ̀rọ yẹn wà lórí itan rẹ̀, bó ṣe ká a. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò gbà á.

Mo ní, "Ẹ fi aṣọ yẹn bo imú."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. "Nǹkan tuntun là ń bò, ọmọ mi," ó ní, ó sì wúkọ́. "Èmi ti gbó."

Mo dá ọkọ̀ dúró láàárín títì, tírélà ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Mo mú aṣọ náà, mo fi bo imú àti ẹnu rẹ̀, mo fi rọ́bà rẹ̀ kọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó sọ lábẹ́ rẹ̀ ni pé kí n rọra, á dọ̀tí.